Nígbà tí Ọkọ̀ Ojú Irin Bá Ń Kọjá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó dáadáa. Dámilọ́lá, bá mi dín fáànù yẹn kù díẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbé ohùn mi lọ. Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo sì ṣèlérí pé n ó dáhùn nígbà tí gbogbo yín bá pé. Ẹ ní, kí ló dé tó fi jẹ́ pé bí rélùwéè tuntun bá ti ń kọjá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí Àlùfáà ṣì ń wàásù lọ, èmi àti bàbá yín a kàn dákẹ́, a ó wá máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé? Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ sọ pé bóyá oorun ló ń kùn wá. Oorun kọ́. Èmi kì í sùn nínú ìsìn. Bàbá yín nìkan ló ń sùn, òun náà kì í sì í sùn tí ọkọ̀ bá ń kọjá.

Ìdáhùn náà kò kúrú, nítorí náà n ó mú un láti ibi tó yẹ. Ọkọ̀ ojú irin ló gba ìgbéyàwó mi là nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ojú irin kan, súìtì kan, àti ìyá kan tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí ní ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí n kò bá kọ́kọ́ sọ bí ibí yìí ti rí nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà kò ní yé yín.

Ilé ńlá tí ẹ ń wò yìí kọ́ ni. Ilé ìgbà náà kéré, páànù ni òrùlé rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ pákó tí a máa ń fi igi tì lábẹ́ kó lè ṣí. Láti ojú fèrèsé apá òsì, ẹ ó rí ojú irin gbangba. Tí ẹ bá gba ẹ̀yìn jáde, ẹ ti bọ́ sí ọ̀nà Ọ̀yìngbò nìyẹn. Kò sí máìkì, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí fáànù. Ohùn Àlùfáà àti afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́run bá fún wa, òun náà ni.

Sátidé ni ọjọ́ Ìsinmi ti ń bẹ̀rẹ̀ nílé wa ní Yábàá. Ìyá mi á po sítáàṣì láti ara gbáàgúdá, wọn á fi aṣọ wa bọ inú rẹ̀, wọn á sá a, wọn á wá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí yóò fi le bí páálí. Tí a bá wọ̀ ọ́ tí a jókòó, aṣọ náà á dún. Mo ṣì ń gbọ́ ọ létí mi, bí gbogbo ìjọ ṣe máa ń jókòó pọ̀ lẹ́yìn orin, tí sítáàṣì gbogbo wa á dún lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ la máa ń fi rìn wá. A ó di bàtà mú lọ́wọ́ títí a ó fi sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí eruku, a ó wá nu ẹsẹ̀ ká tó wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ìrẹsì la sì máa ń jẹ tí a bá padà délé. Ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi, kì í ṣe ìrẹsì ojoojúmọ́ bíi tiyín.

Mo gbọ́ tí àwọn kan nínú yín ń sọ pé ìsìn àtijọ́ ló dára, pé ti ìsinsìnyí ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún yín ṣe níbẹ̀. Ìjókòó wa kò ní ẹ̀yìn. Tí ìwàásù bá gùn, ẹ̀yìn àwọn àgbàlagbà á máa ro wọ́n títí di ọjọ́ Ajé. Ọkùnrin kan wà tó máa ń fi ọ̀pá gígùn gún ọmọ tó bá ń sùn, ó sì gún mi rí, èmi tí mo kàn di ojú láti gbàdúrà. Ìjókòó kan sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tó bá lóyún kó tó ṣègbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n máa ní kó jókòó sí, kí gbogbo ìjọ lè máa wò ó bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ọkùnrin tó fún un lóyún á wà lápá iwájú tó ń kọrin. Ìjókòó yẹn ti di igi ìdáná láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n là á, inú mi dùn, mi ò sì fi pamọ́.

Ọkùnrin ń jókòó sápá ọ̀tún, obìnrin sápá òsì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà dé ibẹ̀.

Ó wá ku ọkọ̀ ojú irin. Ẹ ti mọ bí ti ìsinsìnyí ṣe ń kọjá, wúìì, ó ti lọ. Ti ìgbà yẹn ń bọ̀ láti Òkè Ọya, ó wúwo, ó ń gbọn ilẹ̀. Tó bá ti kù díẹ̀ kó dé Ọ̀yìngbò, á rọra máa rìn, nígbà mìíràn á tilẹ̀ dúró pátá. Kò sí oníwàásù tí ohùn rẹ̀ lè bá a du ọ̀nà. Àwọn bàbá wa bá a ṣe àdéhùn tí kò sí nínú ìwé kankan: tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ á dákẹ́, ìbáà jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù. Tí ọkọ̀ bá kọjá tán, ohunkóhun tí ariwo náà bò mọ́lẹ̀ kò wúlò. Ó gbọ́dọ̀ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. A ń pè é ní ìdákẹ́ ọkọ̀.

Bàbá Alágogo ló ń ṣọ́ ọ. Òun ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè rí. Ẹ̀bá fèrèsé ló ń jókòó sí. Ká tó gbọ́ nǹkan kan, òun á ti mọ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á sì na áńkáṣíìfù funfun kan sókè. Gbogbo ìjọ á dákẹ́.

Àwa ọmọdé fẹ́ràn ìdákẹ́ yẹn ju orin lọ. Ìgbà yẹn ni àwọn ìyá ń tún gèlè dì, tí wọ́n ń gbé ọmọ láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì. Ẹni tí ikọ́ ti ń há lọ́fun á wúkọ́ tẹ́rùn. Súìtì ló wá ṣe pàtàkì jù. Wọn kì í fẹ́ kí á ṣí bébà súìtì nínú ìsìn, torí ó ń pariwo, ọ̀pá ọkùnrin yẹn sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ń kọjá, ta ni yóò gbọ́ bébà? Gbogbo àpò á ṣí. Àwọn ìyá àgbà á máa nawọ́ súìtì sí ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó wà lẹ́yìn, àní àwọn wọ́dìn tó ń bójú tó ìjọ alára á máa lá nǹkan lẹ́nu. Tí ọkọ̀ bá fi máa lọ tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo ìjọ á ti yọ kókó.

Oníwàásù àlejò kan wá lọ́jọ́ kan tí kò mọ̀. Ó rí áńkáṣíìfù, ó rò pé wọ́n ń juwọ́ sí òun nítorí ìwàásù rẹ̀ dùn. Ó wá gbé ohùn sókè. Ó ń pariwo, ọkọ̀ ń pariwo, ọrùn rẹ̀ ti wú, àwa sì ń lá súìtì. Nígbà tí ọkọ̀ lọ, ó ní, “Àmín?” Bàbá Alágogo dìde, ó tẹ orí ba, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, a ò gbọ́ ọ̀kankan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Jónà ti fẹ́ wọ ọkọ̀.” Ó tún un sọ o! Ìkórè ọdún kan náà ni wọ́n so àkùkọ kan mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì níwájú, tí ó ń kọ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fọn fèrè. Ẹni tó rà á ní gbàǹjo ìkórè ní òun ò tún ní lè pa á mọ́, pé ó ti di ọmọ ìjọ.

Mo ti ń rìn jìnnà. Ẹ jẹ́ kí n padà.

Mo ti di tíṣà nígbà tí àwọn ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọ́n pe káfíńtà kan láti Múṣin kó wá tún wọn kàn. Múráínà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilé Mùsùlùmí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwa akọrin ń kọ́ orin, ó sì máa ń dá òòlù dúró tí a bá ń kọrin. Nígbà tí iṣẹ́ parí, kò dẹ́kun wíwá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù tó ti ń jókòó sẹ́yìn, ó lọ bá Àlùfáà pé òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Àlùfáà sọ ọ́ ní Jósẹ́fù, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá ó ti bá mi sọ̀rọ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn nígbà náà, mo sì ń sọ ọ́ fún yín nísinsìnyí.

Ẹni tí kò gbà mí gbọ́ ni Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ni wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá mi láti tọ́ mi, àwọn ni wọ́n rán mi níléèwé títí mo fi di tíṣà. Díákónì ni wọ́n nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ wọn kì í yẹ̀. Mo lọ bá wọn nílé láti sọ fún wọn, mo kúnlẹ̀.

“Ṣé káfíńtà yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Èyí tó wá kan àga?”

“Òun ni, sà.”

“Ó wá kan àga, ó rí ọmọge, ó ṣe ìrìbọmi. Tí wọ́n bá wá pè é kó lọ kan ilẹ̀kùn mọ́sálásí lọ́la ńkọ́?”

“Bàbá, ó ti ń wá ṣọ́ọ̀ṣì kó tó mọ orúkọ mi.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Òun ni, sà.”

“Ẹ gbọ́ ẹlẹ́rìí!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. “Ìyàwó ló wá gbà, kì í ṣe Jésù. Tó bá ti gbà á tán, yóò padà sílé wọn, yóò fẹ́ èkejì lé ọ lórí, ìwọ yóò wá máa sunkún tọ̀ mí wá. Kí wọ́n máa ka ìkéde yín lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kà á lẹ́ẹ̀kẹta, n ó wá sí Èkó, èmi ni n ó dìde.”

Ẹ̀yin mọ ìkéde. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni wọ́n fi ń kà á, wọ́n á sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí àwọn méjèèjì kò fi gbọdọ̀ fẹ́ra. Lónìí, ẹ̀ ń fi fóònù yín ṣeré tí wọ́n bá ń kà á. Nígbà yẹn, ẹni tó bá dìde, ìwé ti di pípadé nìyẹn. Àwọn àgbà ìjọ á jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, á pẹ́, àdúgbò á sì ti gbọ́. Tó bá wá jẹ́ pé ẹni tó tọ́ ìyàwó dàgbà ló dìde, kò sí àgbà tó máa ta ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù. Èmi alára kò lè ta á nù. Mo sọ fún Múráínà pé tí Bàbá bá sọ ọ́ lójú ìjọ, mi ò ní lè fẹ́ ẹ. Ó ní, “Mo gbọ́.” Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe ń kan ìṣó kan náà láìdúró, ìṣó tó ti wọlé tán.

Ìyá rẹ̀ náà ń jà fún tirẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè wọ́n ní Múṣin, torí ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń tà. Wọn kò bá ọmọ wọn jà nítorí ìrìbọmi, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹ̀sìn tiwọn sílẹ̀. Múráínà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkéde kẹta, kó má baà jẹ́ pé òun nìkan ni kò ní ẹnì kan níbẹ̀.

“N ó wá,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ń dìde, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ń jókòó. Tí mo bá wá dójú tì ọ́ ńkọ́?”

Ó ní, “Ìyá mi, ohun tí ẹ bá ti rí tí wọ́n ń ṣe ni kí ẹ máa ṣe.”

Ìmọ̀ràn yẹn ni mo ń dúpẹ́ lé lórí títí di òní.

Wọ́n ka tàkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Wọ́n ka èkejì, kò sí nǹkan. Ní ọjọ́ kẹta, mo wọlé, mo sì rí Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ní apá ọkùnrin, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àárín, nínú agbádá funfun. Wọn kò wo ojú mi. Ìyá mi, tó jókòó tì mí, di ọwọ́ mi mú. Ìyá Ọlọ́ṣẹ wà ní ìjókòó tó kẹ́yìn lápá obìnrin. Wọ́n fi ìborùn wọn bo orí dáadáa, ojú wọn ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ń wo bí àwọn èèyàn ti ń ṣe. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ̀ wọ́n. Bàbá kò gbà láti rí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí Múráínà.

Àlùfáà ṣí ìwé. Wọ́n ka orúkọ mi. Wọ́n ka, “Múráínà Jósẹ́fù, káfíńtà, ará Múṣin.” Wọ́n ní, “Èyí ni ìgbà kẹta. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì yìí pọ̀, kí ó sọ ọ́ nísinsìnyí.”

Mo gbọ́ sítáàṣì agbádá. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ti dìde.

Gbogbo orí yí sí wọn. Múráínà kò yí orí tirẹ̀. Bàbá tún ọ̀fun ṣe, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ará—”

Áńkáṣíìfù funfun gòkè.

Bàbá wò ó. Wọ́n fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n Bàbá Alágogo fi ọwọ́ kejì ṣe báyìí sí wọn pé kí wọ́n ní sùúrù. Díákónì ni wọ́n, wọ́n mọ ìlànà. Wọ́n dúró. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọkọ̀ ẹrù ni, èyí tó ń kó màlúù láti Òkè Ọya. Kò sí èyí tó gùn tó o, kò sì sí èyí tó lọ́ra tó o. Àwọn màlúù ń ké, páànù òrùlé ń jó, àwọn àpò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Súìtì ń lọ láti ọwọ́ sí ọwọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Bàbá nìkan ló wà lórí ìdúró láàárín gbogbo wa, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ìyá àgbà kan tó jókòó ti Ìyá Ọlọ́ṣẹ nawọ́ súìtì sí wọn. Wọ́n gbà á. Wọ́n wò yí ká. Wọ́n rí i pé gbogbo ìjọ ń fún ara wọn ní nǹkan, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé apá kan nínú ìsìn Kírísítẹ́nì nìyẹn, pé ìgbà tí a ń ta ara wa lọ́rẹ ló dé. Wọ́n tún wá rí àgbàlagbà kan tó dá dúró, tí ẹnikẹ́ni kò fún ní nǹkan.

Wọ́n dìde. Mo rí wọn. Mo fẹ́ kígbe pé rárá, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Wọ́n rìn gba ọ̀nà àárín. Wọ́n bọ́ sí apá ọkùnrin, ibi tí obìnrin kankan kì í tẹ̀ nínú ìsìn. Ọkùnrin ọlọ́pàá gígùn náà—ẹ má ṣì mí gbọ́, ọ̀pá ni mo wí, kì í ṣe ọlọ́pàá ìjọba—ti gbé ọ̀pá sókè, ó dúró bí ère, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ìyá Ọlọ́ṣẹ dé iwájú Bàbá, wọ́n fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n kí wọn bí a ti ń kí àgbà, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé súìtì kan ṣoṣo tí wọ́n ní fún wọn.

Kí ni Bàbá máa ṣe? Àgbà ni wọ́n, obìnrin sì kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n gbà á. Mo rí ẹnu wọn pé wọ́n ń súre. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n béèrè nǹkan létí ìyá náà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ dáhùn, Bàbá fi ọwọ́ sétí pé àwọn kò gbọ́. Ìyá náà wá na ìka sí iwájú, sí ẹ̀yìn orí Múráínà, wọ́n sì fọwọ́ kan àyà ara wọn: ọmọ mi ni.

Bàbá wo orí yẹn. Wọ́n wo ìyá tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n wo súìtì tó wà lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ ṣì ń kọjá. Nígbà tó ṣe, wọ́n tú bébà rẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n fa ìyá náà dìde.

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ lọ tán. Ìdákẹ́ tó tẹ̀lé e, ẹ̀yin ọmọ, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Àlùfáà ní, “Bàbá, a rí yín lórí ìdúró. Ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀?”

Súìtì kọlu eyín wọn, ó dún kò. Wọ́n ní, “Rárá o, Àlùfáà. Mo kàn dìde kí n lè rí àwọn méjèèjì dáadáa ni.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé àdéhùn wa. Ọkọ̀ ti bá ìkéde pàdé, kò wúlò mọ́, Àlùfáà gbọ́dọ̀ tún un kà. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ mi. Wọ́n tún béèrè: bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan. Ìyá mi ti fún ọwọ́ mi títí ọwọ́ náà fi kú. Mo ń gbọ́ bí súìtì ṣe ń yí kiri lẹ́nu Bàbá. Kò sí ohùn mìíràn. Àlùfáà pa ìwé dé, wọ́n ní ká kọ orin. Mo dìde láti kọ ọ́, mo tún jókòó. Ṣe ni mo ń mí. Ó dà bíi pé mi ò tíì mí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, mo bá Bàbá àti Ìyá Ọlọ́ṣẹ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ìyá, ta ló ní kí ẹ sọdá sí apá ọkùnrin?” ni Bàbá ń wí.

“Ṣé apá ọkùnrin nìyẹn? Áà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo rí i pé gbogbo èèyàn ń fún ara wọn ní nǹkan, ẹnikẹ́ni ò wo tiyín.”

“Ẹ mọ ohun tí mo dìde ṣe?”

“Mi ò mọ̀. Mo rò pé ìjókòó ló ń dùn yín lẹ́yìn ni. Èmi náà, ẹ̀yìn mi fẹ́ẹ̀ já.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi yẹ̀. Wọ́n nàka pe Múráínà, tó dúró lókèèrè bí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun.

“Dìde, káfíńtà. Ìjókòó yìí le jù. Ṣé o kò lè fi ẹ̀yìn sí i ni?”

Ó fi ẹ̀yìn sí wọn. Gbogbo wọn. Àwọn ìjókòó tó kù ní gbọ̀ngàn yìí, tí ẹ fara tì báyìí tí ẹ sì ń wò mí, òun ló ṣe é. Ìyàwó kejì tí Bàbá ń bẹ̀rù kò wá títí di òní. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kírun wọn títí dọ́jọ́ ikú, a sì jọ ń jẹ ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi ni. Wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n ṣì ń ta ara wọn lọ́rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Nígbà tí Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ darúgbó, ọ̀dọ̀ wa ní Sùúrùlérè ni wọ́n wá gbé. Mo bi wọ́n níjọ́ kan pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ gan-an. Wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ mi gùn, ọkọ̀ yẹn gùn jù ú lọ. Bí mo ṣe dúró, mo ń tún un sọ nínú ara mi. Lẹ́ẹ̀kíní, ó dùn. Lẹ́ẹ̀kejì, kò dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Obìnrin yẹn wá kúnlẹ̀. Ọmọ tí irú ẹni yìí tọ́, kí ni n ó wí pé ó ṣe?”

Nítorí náà, Dámilọ́lá, ìkéde tiyín tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbọ́ pé o ní kí wọ́n kàn fi sórí Wásáàpù. Kí wọ́n fi síbẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n kà á sókè pẹ̀lú, kí o sì fi fóònù sílẹ̀, kí o gbọ́ bí gbogbo ìjọ yóò ṣe dákẹ́ fún ọ. Ara á tù ọ́. Èmi ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ béèrè ló kù. Etí bàbá yín ti wúwo, kì í gbọ́ rélùwéè tuntun yẹn rárá. Èmi ni mo máa ń gbọ́ ọ. Mo máa ń rọra fọwọ́ kan án ní ìgbọ̀nwọ́, ìyẹn ni ẹ ń rí. Kì í bi mí pé kí ló dé. Kì í wò mí pàápàá. Á kàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí itan mi, á sì dúró kí n fi súìtì sí i.